Ilẹ̀ Ọjọ́ Kan, Gáàsì Ọdún Mélòó?

Mo ti ṣèlérí pé ọ̀rọ̀ àmì ohùn lórí pátákó ojú títì ni a ó tún sọ lọ́tẹ̀ yìí. Ẹ forí jì mí. Nǹkan mìíràn já lù mí, ó sì ti gba ọ̀sẹ̀ méjì mọ́ mi lọ́wọ́. Mo rò pé ó kàn yín ju àmì ohùn lọ.

Ọmọ kan tí mo kọ́ ní yunifásítì nígbà kan rí, tó ti wá di ẹni tó ń bá àwọn ilé-iṣẹ́ kọ ìwé àyẹ̀wò ipa tí iṣẹ́ ńlá lè ní lórí àyíká, ló pè mí láàárọ̀ ọjọ́ kan. Ó ní, "Ẹ káàárọ̀ Prọ̀f. Ẹ jọ̀ọ́ sà, iṣẹ́ kékeré kan wà tí mo fẹ́ kí ẹ bá wa ṣe." Láti ìgbà tí mo ti fẹ̀yìn tì, mo ti mọ̀ pé kò sí ohun tó ń gùn tó iṣẹ́ kékeré. Wọ́n fẹ́ kí n bá wọn kọ àkótán ìwé àyẹ̀wò kan ní Yorùbá, kí àwọn tó ń gbé nítòsí ibẹ̀ lè lóye rẹ̀ kí wọ́n tó pè wọ́n sí ìpàdé. Ibi ìdalẹ̀sí kan ni, tí wọ́n fẹ́ sọ iye ilẹ̀ tó ń wọlé síbẹ̀ lójúmọ́ di ìlọ́po méjì. N kò ní dárúkọ ìlú náà, n kò sì ní dárúkọ ilé-iṣẹ́ náà. Ìwé ọ̀hún kò tíì jáde síta, kì í sì í ṣe tiwọn nìkan ló rí bẹ́ẹ̀. Apá tó sọ̀rọ̀ nípa gáàsì tó ń mú ayé gbóná ni mo fẹ́ bá wí.

Gbólóhùn kan ló dá mi dúró níbẹ̀. Ohun tó wí ni pé gáàsì tí iṣẹ́ ojoojúmọ́ yóò mú wá yóò pọ̀ sí i díẹ̀, torí pé ọkọ̀ tó ń wọlé yóò pọ̀ sí i, katapílà yóò sì máa ṣiṣẹ́ pẹ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ó tán. Wọ́n ka ọkọ̀, wọ́n ka lítà epo, wọ́n ka wákàtí tí katapílà ń lò, wọ́n rò ó pọ̀, ìṣirò náà sì pé. N kò rí àṣìṣe kan níbẹ̀. Ilẹ̀ tí wọ́n ń dà gan-an ni ẹnikẹ́ni kò kà.

Bí mo ṣe mọ̀ bẹ́ẹ̀ kì í ṣe pé mo gbọ́n nínú ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì. Gírámà ló tú wọn fó. Ẹ̀yin tí ẹ bá mi jókòó ní kíláàsì rí á rántí iye ọ̀sẹ̀ tí a fi ń jà lórí "ń" àti "ti" àti "máa." Èdè Gẹ̀ẹ́sì gba èèyàn láàyè láti fi ọ̀rọ̀-orúkọ kan ṣoṣo pe gáàsì ojoojúmọ́, kó má sọ ìgbà tó jáde, kó má sọ ìgbà tí yóò dáwọ́ dúró. Yorùbá náà lè ṣe irú ọ̀rọ̀-orúkọ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n tí ẹ bá fẹ́ bá ìyá kan tó ń ta ẹ̀kọ sọ̀rọ̀ kó yé e, ẹ máa lo ọ̀rọ̀-ìṣe, ọ̀rọ̀-ìṣe á sì bi yín ní ìbéèrè. Mo kọ́kọ́ kọ pé ilẹ̀ tí wọ́n dà lónìí ń tú gáàsì jáde. Irọ́ ni, kò tíì jẹrà. Mo kọ ọ́ pé yóò tú gáàsì jáde. Ìyẹn náà kò dáa, ó dà bí ẹni pé ó máa tú u lẹ́ẹ̀kan, ọ̀rọ̀ á sì parí. Mo wá kọ ọ́ pé yóò máa tú gáàsì jáde. Ìyẹn ni òótọ́, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni tó bá gbọ́ "yóò máa" á béèrè pé títí di ìgbà wo. Mo padà sínú ìwé wọn láti wá ìdáhùn. Mo tú u láti ojú ewé kìíní dé ìkẹyìn. Kò sí níbẹ̀.

Ni mo bá lọ wá a fúnra mi.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú òkìtì ìdọ̀tí kò le láti lóye. Bí èèpo iṣu bá wà lórí ilẹ̀ níbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ sí i, àwọn kòkòrò àìfojúrí tó ń mí bíi tiwa ló máa jẹ ẹ́, kábọ́nì dayọ́ksáìdì ló sì máa ń jáde. Wọn kì í ka ìyẹn mọ́ ẹnikẹ́ni lọ́rùn, torí inú afẹ́fẹ́ náà ni iṣu ti mú un nígbà tó ń hù. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá kó ilẹ̀ mìíràn lé èèpo ọ̀hún lórí, tí ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, tí atẹ́gùn ò rí ọ̀nà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ mọ́, àwọn kòkòrò mìíràn á gba iṣẹ́ náà ṣe, àwọn tí kò nílò atẹ́gùn. Gáàsì tiwọn fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìdajì mẹ́téènì, ìdajì kábọ́nì dayọ́ksáìdì. Mẹ́téènì ni ìṣòro. Kì í pẹ́ lójú òfuurufú, bí ọdún 12 péré, àmọ́ nígbà tó bá wà níbẹ̀, ooru rẹ̀ le. Bí a bá fi ọgọ́rùn-ún ọdún wọ̀n ọ́n, kílò mẹ́téènì kan tó kílò 28 kábọ́nì dayọ́ksáìdì. Bí a bá fi 20 ọdún wọ̀n ọ́n, ó tó bí 80.

Ìgbìmọ̀ IPCC, tó ń gba Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé nímọ̀ràn lórí ojú ọjọ́, gbé ìwé ìlànà ìṣirò jáde ní 2006. Ìdìpọ̀ karùn-ún rẹ̀ dá lórí ìdọ̀tí nìkan. Ọ̀fẹ́ ni lórí íntánẹ́ẹ̀tì, èmi arúgbó sì rí i kà. Fún ilẹ̀ olóoru tí òjò rẹ̀ lé ní mìlímítà 1,000 lọ́dún, irú ti wa ní Ìlọrin níbí títí dé Èkó, ìwé náà ní kí á gbà pé oúnjẹ tí a bò mọ́lẹ̀ yóò jẹrà dé ìdajì kí ọdún méjì tó pé. Bébà yóò lo bí ọdún 10 kí ó tó dé ìdajì tirẹ̀. Igi yóò lo bí 20. Ó tún ní kí á fún ilẹ̀ tuntun ní nǹkan bí oṣù mẹ́fà kí mẹ́téènì rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í jáde.

Ẹ wá ro ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí fún àwọn tó ń fi ojúmọ́ ka gáàsì. Ká ní wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í da ìlọ́po méjì ní oṣù kìíní ọdún. Ẹni tó bá lọ wọn gáàsì ibẹ̀ ní oṣù kẹta kò ní rí ìyàtọ̀ kan gbòógì. Á kọ ọ́ sílẹ̀ pé iṣẹ́ tuntun yìí kò pani lára. Ní ọdún kejì, ní ọdún karùn-ún, ìgbà tí ẹni tó kọ ìwé ti gba owó rẹ̀ tó sì ti lọ síbi iṣẹ́ mìíràn, gáàsì á ṣì máa gun òkè bọ̀. Ojúmọ́ ni ọkọ̀ ń lò, ó ń wọlé láàárọ̀, ó ń jáde. Jíjẹrà kì í wo aago.

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò kan pọ̀. Ẹ mú ọkọ̀ kan tó gbé tọ́ọ̀nù 10. Ká ní ó jó lítà 20 epo dísẹ̀lì ní àlọ àti àbọ̀. Lítà dísẹ̀lì kan ń mú bí kílò 2.7 kábọ́nì dayọ́ksáìdì wá, nítorí náà ọkọ̀ wa mú kílò 54 wá. Ìyẹn ni ìwé wọn kà. Ká wá yẹ inú ẹrù wò. Ká ní ìdajì rẹ̀, tọ́ọ̀nù márùn-ún, jẹ́ oúnjẹ: èèpo ẹ̀gẹ́, tòmátì tó ti bẹ́, àjẹkù ìrẹsì, ewé tí wọ́n fi pọ́n ẹ̀kọ. Ẹni tó bá dé ọjà Ìpàta tàbí ọjà Mandate lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́ á mọ̀ pé n kò bù mọ́ ọn. Ìwé IPCC ní kí á gbà pé kílò 150 kábọ́nì ló wà nínú tọ́ọ̀nù oúnjẹ kan, pé ìdajì rẹ̀ ni yóò jẹrà lábẹ́ òkìtì, pé ìdajì gáàsì tó bá jáde ni mẹ́téènì. Fún òkìtì tó jìn ju mítà márùn-ún lọ tí kò sẹ́ni tó ń tọ́jú rẹ̀, gbogbo rẹ̀ já sí kílò 40 mẹ́téènì fún tọ́ọ̀nù oúnjẹ kan. Tọ́ọ̀nù márùn-ún, kílò 200. Ẹ fi 28 sọ ọ́ di púpọ̀, ó di 5,600.

Ẹ gbé 54 kalẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ 5,600. Ó lé ní ìlọ́po ọgọ́rùn-ún, a ò sì tíì ka bébà, a ò tíì ka igi. Mo ṣe é lẹ́ẹ̀mẹta torí èmi kì í ṣe onímọ̀ ìṣirò, mo tún fún ọmọ ọmọ mi tó wà ní SS2 pé kó bá mi yẹ̀ ẹ́ wò. Ó ní, "Bàbá àgbà, ó pé o." Bí ẹ bá fún katapílà náà ní lítà 20 mìíràn lórí ẹrù kan ṣoṣo yẹn, ìyàtọ̀ náà kò ní ṣí. Ìwé tó ka ọkọ̀ tí kò ka ẹrù dà bí ẹni tó lọ síbi ìnáwó, tó ṣírò owó mọ́tò tó wọ̀ lọ, tó wá sọ pé iye tí ìnáwó náà ná wọn nìyẹn.

Ẹ má sọ pé mo le jù o. Mo mọ̀ pé ó rọrùn láti ka ọkọ̀. Ọkọ̀ ní nọ́ńbà, epo ní rìsíìtì. Ta ló máa wọnú òkìtì lọ wo iye èèpo iṣu tó wà níbẹ̀? Ṣùgbọ́n iṣẹ́ àyẹ̀wò kì í ṣe iṣẹ́ kíka ohun tó rọrùn láti kà.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà tí mo gbọ́dọ̀ sọ, ó sì jẹ mọ́ iṣẹ́ mi gan-an: orúkọ. Láti ojú ewé kìíní ni ìwé náà ti ń pe ibẹ̀ ní "landfill." Àwòrán wà nínú ìwé. Òkìtì ni mo rí, ewúrẹ́ mẹ́ta lórí rẹ̀ àti ọmọkùnrin kan tó ń ti ọmọlánkẹ́. Àkìtàn là ń pe ìyẹn. Ààtàn ni ìyá mi á pè é. Àwọn Hausa tí a jọ ń gbé Ìlọrin á ní bola. Èmi kì í bá ẹnikẹ́ni jà lórí ọ̀rọ̀ àyálò, ẹ mọ̀ mí. Ohun tó dùn mí ni pé nínú ìṣirò yìí, orúkọ kì í ṣe ẹ̀ṣọ́. Orúkọ jẹ́ nọ́ńbà.

Ẹ wò ó bó ṣe rí. Ìwé IPCC pín ibi ìdalẹ̀sí sí ìsọ̀rí, ó sì fún ìsọ̀rí kọ̀ọ̀kan ní iye tí ẹ máa fi sọ mẹ́téènì rẹ̀ di púpọ̀. Àkìtàn tí kò jìn tó mítà márùn-ún, tí ẹnikẹ́ni kò tọ́jú, gba 0.4, torí pé atẹ́gùn ṣì ń ráyè wọlé sí i. Èyí tó jìn jù bẹ́ẹ̀ lọ gba 0.8. Èyí tí wọ́n ń tọ́jú gba 1. Ẹ ò ṣì mí gbọ́. Èyí tí wọ́n ń tọ́jú ló ń ṣe mẹ́téènì jù. Ohun tí wọ́n pè ní ìtọ́jú níbẹ̀ sì ni pé kí a máa da ilẹ̀ sí ojú ibi tí a yàn fún un, kí a sì máa ṣe ọ̀kan ó kéré tán nínú mẹ́ta: kí a máa fi erùpẹ̀ bò ó, tàbí kí a máa tẹ̀ ẹ́ pọ̀, tàbí kí a máa tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ. Páìpù tó ń fa gáàsì jáde kò sí nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Nítorí náà, tọ́ọ̀nù oúnjẹ kan náà tí yóò ṣe kílò 20 mẹ́téènì lórí ààtàn ẹ̀yìn ilé yóò ṣe 40 nínú òkìtì ńlá, yóò sì ṣe 50 níbi tí katapílà ti ń tẹ́ ilẹ̀. Bí ìbòrí erùpẹ̀ tó dára bá wà, ìwé náà gbà kí a yọ ìdá mẹ́wàá, ó ku 45. A ní orúkọ ń ro ọmọ. Ilé-iṣẹ́ tó bá sọ àkìtàn rẹ̀ di "landfill" láìri páìpù kankan mọ́ ọn ti jẹ́wọ́ pé mẹ́téènì rẹ̀ máa pọ̀ sí i. Ó yẹ kí wọ́n kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ohun tí mo bá nínú ìwé yìí ni pé orúkọ ńlá wà, wọ́n sì ń yangàn pé àyíká á dára sí i torí pé wọ́n á máa tẹ ilẹ̀ pọ̀, àfi bí ẹni pé títẹ̀pọ̀ ni oògùn gáàsì. Òdìkejì rẹ̀ ni.

N kò sọ pé kí a padà sí àkìtàn ìgbàanì, kí ẹnikẹ́ni má gbé e fún mi. Ibi tí a tọ́jú dára fún omi kànga, ó dára fún ọmọdé, eṣinṣin á dín kù. Ṣùgbọ́n ẹ má kó ire omi kẹ́ ẹ fi san gbèsè afẹ́fẹ́. Ọ̀tọ̀ ni ìkọ̀ọ̀kan.

Ìdáhùn tí wọ́n máa ń ní sílẹ̀ ni pé ilẹ̀ náà wà ṣáá, bí kò bá wá síbí, ibòmíràn ni yóò lọ, nítorí náà àwọn kò fi nǹkan kan kún gáàsì ayé. Ó ní orí, mi ò ní tàn yín. Wọn ò kàn parí ọ̀rọ̀ náà ni. Níbo ni ì bá lọ? Bó bá jẹ́ pé àárín ààtàn kéékèèké tí kò jìn ni wọ́n ti ń kó o wá sínú ihò jíjìn, mẹ́téènì tọ́ọ̀nù kọ̀ọ̀kan ti di ìlọ́po méjì lójú ọ̀nà. Bó bá jẹ́ pé gọ́tà ni, ọ̀rọ̀ á yàtọ̀. Bó bá jẹ́ pé wọ́n ń dáná sun ún ni, ìyẹn náà ní tirẹ̀, pàápàá ike àti ọ̀rá, tí kábọ́nì inú wọn wá láti inú epo rọ̀bì. Kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ kí a rí i, kì í ṣe kí wọ́n fi "ibòmíràn" bo ojú wa.

Kí ẹ má rò pé ìwé lásán ni mo ń bá jà, ẹ jẹ́ ká wo Olúṣòsùn. Ní 1992 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í da ilẹ̀ síbẹ̀, ní ẹ̀gbẹ́ Ọjọ́tà l'Ékòó, ilẹ̀ tó ju hẹ́kítà 40 lọ. Ibi tó dà bí ẹ̀yìn ìlú nígbà yẹn ti di ikùn ìlú báyìí, ilé, ṣọ́ọ̀bù àti ibùdó ọkọ̀ yí i ká. Ní oṣù kẹta 2018, iná sọ níbẹ̀, ó jó fún ọjọ́ púpọ̀, èéfín bo àdúgbò, ìjọba sì ní kí wọ́n dáwọ́ ìdalẹ̀ dúró ná. Mẹ́téènì abẹ́ òkìtì jẹ́ oúnjẹ fún irú iná bẹ́ẹ̀, omi tí a bu sórí kì í sì í tètè dé ìsàlẹ̀ ibi tó ń jó. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ rí ni pé gáàsì abẹ́ òkìtì yẹn kì í ṣe ti ilẹ̀ ọ̀sẹ̀ náà. Ilẹ̀ tí wọ́n dà nígbà tí àwọn gómìnà mìíràn wà lórí oyè ló wà nínú rẹ̀.

Ìjọba Èkó ti kéde pé àwọn yóò ti Olúṣòsùn pa, òun àti Solous. Ó dára. Ẹ wá fi ọgbọ́n ìwé tí mo ń bá wí yìí wò ó. Ní ọjọ́ tí wọ́n bá ti géètì, ọkọ̀ tó ń wọlé di òdo, epo di òdo, iṣẹ́ ojoojúmọ́ di òdo. Gáàsì náà á di òdo, àbí? Ẹ lọ bá àwọn tó ń gbé Ọjọ́tà sọ ọ́.

Àwọn kan tún wà tí wọ́n ka gáàsì náà dáadáa, tí ọ̀rọ̀ kò sì tán síbẹ̀. Ní Durban, ní Gúúsù Áfíríkà, wọ́n ri páìpù mọ́ àkìtàn, wọ́n ń fa mẹ́téènì jáde, wọ́n fi ń ṣe iná mànàmáná. Àkìtàn Mariannhill wà nínú rẹ̀, èyí tó tóbi jù sì ni Bisasar Road, ní Clare Estate. Owó káríaye tí wọ́n ń san fún dídín gáàsì kù ló wà nídìí iṣẹ́ náà, Báńkì Àgbáyé sì wà níbẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀. Sajida Khan, tí ilé rẹ̀ dojú kọ Bisasar Road, ti ń jà fún ọ̀pọ̀ ọdún kí wọ́n ti ibẹ̀ pa. Ó ní owó gáàsì yìí ni wọ́n á fi ṣe àwáwí láti jẹ́ kí àkìtàn náà wà ní ṣíṣí. Ó kú ní 2007 nípasẹ̀ àrùn jẹjẹrẹ, àkìtàn náà sì ṣì ń ṣiṣẹ́ lẹ́yìn rẹ̀. Èmi kò lè gba ẹ̀bi gbogbo lé àwọn tó ri páìpù, torí mẹ́téènì tí wọ́n fà kò lọ sójú òfuurufú. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ obìnrin yìí kò kúrò lọ́kàn mi. Nọ́ńbà tó pé náà lè di ohun èlò lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ kí àkìtàn tóbi sí i.

Nọ́ńbà tó pé kẹ̀? Ìyẹn gan-an ṣì kù. Ní 2022, àwọn onímọ̀ kan lo sátẹ́láìtì láti wo Buenos Aires, Delhi, Lahore àti Mumbai. Mẹ́téènì tí wọ́n rí lórí àwọn ìlú náà jẹ́ ìlọ́po 1.4 sí 2.6 iye tó wà nínú àkọsílẹ̀ tí gbogbo ayé ń lò. Ní 2024, àwọn mìíràn fi ọkọ̀ òfuurufú wo àwọn ibi ìdalẹ̀sí tó lé ní 200 ní Amẹ́ríkà, níbi tí òfin ti fi dandan lé e pé kí ibi ìdalẹ̀sí ńlá máa ròyìn gáàsì rẹ̀. Níbi tí wọ́n ti rí i kó máa tú, ó jẹ́ ìlọ́po 1.4 ohun tí àwọn aláṣẹ ibẹ̀ ròyìn, tí a bá pín in dọ́gba. Ìwé IPCC tí mo ń gbé lẹ́yìn láti àárọ̀ náà kì í ṣe ìwé ọ̀run, àfojúsùn ló fún wa. Bí àwọn tó ń ka ilẹ̀ ṣe ń kà á kù tó báyìí, kí ni ká sọ nípa àwọn tí kò kà á rárá?

Òfin wa náà kò dákẹ́. Òfin àyẹ̀wò ipa lórí àyíká ti 1992 dárúkọ ibi ìdalẹ̀sí ìlú mọ́ àwọn iṣẹ́ tí àyẹ̀wò jẹ́ dandan fún. Ní 2021, a ṣe òfin lórí ìyípadà ojú ọjọ́, Nàìjíríà sì wà lára àwọn orílẹ̀-èdè tó fọwọ́ sí àdéhùn pé mẹ́téènì ayé yóò fi ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún dín kù ní 2030 sí ti 2020. Àwọn kan á ní kí ló kan Nàìjíríà, ṣebí àwọn òyìnbó ló ba ojú ọjọ́ jẹ́. Òótọ́ ni, àwọn ni. Ṣùgbọ́n iná Olúṣòsùn kò jó ní London. Gáàsì tí ìwé kò kà ni òórùn tó ń wọ yàrá ẹlòmíràn, òun ni iná tó ń sọ láìròtẹ́lẹ̀ nígbà ọyẹ́, òun náà ni owó tí a lè rí gbà láti fi ri páìpù tí a kò ní rí gbà, torí pé nínú ìwé tiwa, gáàsì ò sí níbẹ̀.

Níhìn-ín ní GRA, ohun tí mo ń rí lójú fèrèsé mi yà mí lẹ́nu. A jókòó sínú ilé tó ní ọgbà gbàǹgbà, igi máńgòrò méjì, ilẹ̀ tó ń wá ẹni tí yóò gbin nǹkan sí i, a sì ń di èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ sínú ọ̀rá, a so ó lẹ́nu pinpin, a gbé e síta kí ọkọ̀ wá gbé e lọ. Èmi náà ń ṣe é, n kò yọ ara mi. Ní Ọ̀mù-Àrán nígbà tí mo wà lọ́mọdé, ewúrẹ́ ló ń kọ́kọ́ gba ìpín tirẹ̀ nínú èèpo iṣu. Ohun tí ewúrẹ́ bá kọ̀ ló ń lọ sí ààtàn ẹ̀yìnkùlé, adìẹ á máa tú u, atẹ́gùn á máa wọ inú rẹ̀. Tó bá yá, ìyá mi á bu erùpẹ̀ dúdú ibẹ̀ sídìí ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ẹ̀fọ́ tó ń hù níbẹ̀ láìgbìn, a ò jẹ ẹ́ tán rí. Kò sí ìwé IPCC nígbà yẹn, ṣùgbọ́n ìyá mi ti ya oúnjẹ sọ́tọ̀ kúrò lára ìdọ̀tí yòókù kó tó di mẹ́téènì. Bí ìwé tí wọ́n fún mi bá ní ojú ewé kan ṣoṣo lórí bí wọ́n ṣe máa ya ẹrù ọjà tó ti bà jẹ́ sọ́tọ̀ fún ajílẹ̀, n kì bá má kọ ìdajì ohun tí mo ń kọ yìí.

Ní gírámà, da ilẹ̀ àti da ilẹ̀ wà: ẹni tó da ilẹ̀ sí ààtàn dalẹ̀, ẹni tó da májẹ̀mú náà dalẹ̀, ohùn wọn kò yàtọ̀. N kò ní fi ìyẹn kọ́ yín ní nǹkan kan, mo kàn ní kí n sọ ọ́ torí ẹnìkan bi mí lọ́sẹ̀ tó kọjá.

Mo parí iṣẹ́ kékeré náà. Gbogbo àkótán wọn ni mo gbé sí Yorùbá bó ṣe yẹ, n kò bù, n kò yọ. Nígbà tí mo dé ibi gáàsì, mo kọ ohun tí wọ́n sọ nípa ọkọ̀ àti katapílà, mo wá kọ gbólóhùn méjì tèmi sábẹ́ rẹ̀, mo sì fi àmì sí i pé tèmi ni: "Ilẹ̀ tí wọ́n bá dà síbí lónìí yóò bẹ̀rẹ̀ sí í tú gáàsì mìíràn jáde ní nǹkan bí oṣù mẹ́fà, yóò sì máa tú u jáde fún ọ̀pọ̀ ọdún, kódà bí a bá ti ibí pa. Ìwé yìí kò ka gáàsì yẹn."

Ọjọ́ kẹta, ọmọ mi pè. "Ẹ kú iṣẹ́ Prọ̀f. Wọ́n ní Yorùbá yín dùn gan-an ni. Wọ́n kàn ní kí n bi yín, sà, ṣé ẹ lè bá wọn yọ gbólóhùn tó kẹ́yìn yẹn."

Mo ní kí wọ́n lọ ka gáàsì náà, lọ́jọ́ tí wọ́n bá kà á, n óò yọ ọ́ lọ́fẹ̀ẹ́. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Mo gbọ́, sà. Màá sọ fún wọn." Láti ìgbà náà, n kò tíì gbúròó wọn. Owó iṣẹ́ náà kò sì tíì dé.